Bẹ́ ẹ ṣe lè fi Raman ṣọ́ sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó ṣe ń hù lọ́wọ́, fún ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ fẹ́ràn sólà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ti òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ inverter o, kì í sì í ṣe ti bátìrì wo ló dáa jù. Inú páńẹ́lì gan-an la fẹ́ wọ̀. Ìlú wa yìí ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí wáyà iná gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ ẹ dúró sórí òkè lápá Òkè-Baálẹ̀ kẹ́ ẹ wo àwọn òrùlé tó wà nísàlẹ̀, páńẹ́lì ló tẹ́ lọ súà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló jẹ́ ti wáfà, ìyẹn sílíkọ́nì tí wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ, tí ò nípọn ju bíi 0.2 mm lọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀. Wọn kì í rẹ́ ẹ rárá, wọ́n ń jẹ́ kó hù sórí gíláàsì látinú gáàsì ni, díẹ̀díẹ̀, títí á fi nípọn tó máíkírọ́nì 1 sí 3 (máíkírọ́nì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm), ẹ ò lè fọwọ́ mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé ṣebí ti wáfà ló kún ọjà, kí la fẹ́ fi ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe. Òótọ́ ni, ti wáfà ló gba ọjà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn páńẹ́lì heterojunction tí wọ́n ń pariwo báyìí, wáfà tí wọ́n fi sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú méjèèjì ni, ìbòrí tí ò ju nánómítà mélòó kan lọ (nm, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nì), ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà jẹ́ kó hù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ò ní dilẹ̀.

Bó ṣe ń hù rèé ní kúkúrú. Wọ́n á gbé gíláàsì sínú àpótí irin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á mú un gbóná dé bíi 200°C, wọ́n á wá tú gáàsì méjì sí i, silane àti háídírójìn. Wọ́n á fi iná tó ń yí síwá sẹ́yìn ní 13.56 MHz (àwọn míì ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ) ta gáàsì yẹn títí á fi di plasma tó ń tàn yòò, silane á fọ́, sílíkọ́nì inú rẹ̀ á máa balẹ̀ sórí gíláàsì. PECVD ni orúkọ gbogbo ètò yẹn. Tí silane bá pọ̀ nínú àdàlù, sílíkọ́nì tó máa hù á jẹ́ rúdurùdu, átọ́ọ̀mù rẹ̀ ò ní tò. Tí háídírójìn bá pọ̀ dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní wóró-wóró. Èyí tó dáa fún léyà, ìyẹn ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń gba oòrùn mọ́ra wà lẹ́nu ààlà méjèèjì, kò gbọdọ̀ rúdurùdu tán, kò sì gbọdọ̀ tò tán. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le, torí ẹnu ààlà yẹn tín-ín-rín, silane tó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù á ti gbé yín kọjá rẹ̀, ẹ ò sì ní fojú rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ìlú aró yìí mọ̀ pé aláró kì í dúró dìgbà tí aṣọ bá gbẹ kó tó mọ̀ bóyá aró mú, á fà á jáde díẹ̀ nínú ìkòkò, á wò ó, á tún rì í padà. Ẹ ò lè fa gíláàsì jáde bẹ́ẹ̀ nínú PECVD o. Tẹ́ ẹ bá ṣí àpótí yẹn, afẹ́fẹ́ wọlé, iṣẹ́ bà jẹ́, silane tó bá sì kan afẹ́fẹ́ ń gbiná fúnra rẹ̀ ni, kò dúró de ìṣáná. Ìmọ́lẹ̀ nìkan lẹ lè rán wọlé lọ kó lọ wò ó wá. Ohun tí Raman wà fún nìyẹn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìmọ́lẹ̀ lésà mọ bí átọ́ọ̀mù inú nǹkan ṣe ń gbọ̀n.

Kí lẹ ń wá gan-an?

Ọmọ Íńdíà kan, C. V. Raman, ló rí nǹkan yìí ní Kolkata ní 1928, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Ohun tó rí ni pé tẹ́ ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo sí nǹkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tó máa ta padà ló máa ní àwọ̀ tó bá wá, ṣùgbọ́n kín-ún kan báyìí, bíi ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá, á ta padà pẹ̀lú àwọ̀ tó yí díẹ̀, torí ó ti fi lára agbára rẹ̀ sílẹ̀ fún átọ́ọ̀mù tó ń gbọ̀n. Bí àwọ̀ yẹn ṣe yí tó lẹ máa wọ̀n, cm⁻¹ ni wọ́n fi ń kà á.

Sílíkọ́nì tó tò, gbogbo átọ́ọ̀mù rẹ̀ jọ ń gbọ̀n bákan náà ni, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ṣóńṣó kan lórí gíráàfù, tó mú, tó ga, ní 520 cm⁻¹. Ti rúdurùdu, kálukú ń gbọ̀n bó ṣe wù ú, nítorí náà òkìtì tó fẹ̀ lẹ máa rí, orí rẹ̀ wà ní bíi 480. Wóró tó bá kéré gan-an, àti àwọn átọ́ọ̀mù tó wà níbi tí wóró méjì ti pàdé, máa ń fa èjìká kan sáàárín méjèèjì, ní bíi 500 sí 510. Gbogbo iṣẹ́ yìí, ìwọ̀n ṣóńṣó sí òkìtì ni. Kì í ṣe bí ṣóńṣó yẹn ṣe ga tó o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gíga rẹ̀ nìkan ò sọ nǹkan kan, lésà tó lágbára sí i á gbé e ga, ojú lẹ́ńsì tó mọ́ á gbé e ga, kódà ìmọ́lẹ̀ tó ń ta síwá sẹ́yìn nínú léyà fúnra rẹ̀ á máa gbé e ga á sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí léyà ṣe ń nípọn. Ìwọ̀n ọ̀kan sí èkejì lẹ máa gbà gbọ́.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí nǹkan yìí ṣe kéré tó: tẹ́ ẹ bá lo lésà 532 nm, ìmọ́lẹ̀ tó máa ta padà látara sílíkọ́nì tó tò á wà ní bíi 547.1 nm, ti rúdurùdu á wà ní bíi 545.9 nm. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ò ju 1.2 nm àti díẹ̀ lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ dá mọ̀ nìyẹn, nínú ìmọ́lẹ̀ tí ò tó nǹkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ plasma tó ń tàn bí iná.

Ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ mú lésà

Lésà aláwọ̀ ewé, 532 nm, ni mo máa ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ lésà ló ń sọ bó ṣe máa jìn tó. Nínú sílíkọ́nì rúdurùdu, 532 nm kì í jìn ju 100 sí 200 nm lọ kó tó tán, nínú èyí tó tò ó lè jìn tó máíkírọ́nì kan. Ẹ sì rántí pé ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á tún jáde padà, torí náà ibi tẹ́ ẹ ń rí dáadáa ò ju bí ìdajì ìyẹn lọ. Ti búlúù ò jìn rárá, òkè pátápátá ló ń wò, ó dáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ti pupa, 633 nm, ń jìn lọ. Ti 785 nm, ẹ fi sílẹ̀, á kọjá lára léyà yín bíi pé kò sí níbẹ̀, gíláàsì lá máa kó wá fún yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí sílíkọ́nì yín hù sórí wáfà sílíkọ́nì tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n báyìí. Wáfà náà ní 520 tirẹ̀, ó ga, ẹ ò ní mọ èwo ni ti léyà èwo ni ti ìsàlẹ̀. Gíláàsì ni kẹ́ ẹ lò. Gíláàsì ní òkìtì tirẹ̀ náà ní agbègbè yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn rọrùn, ẹ wọn gíláàsì òfìfo kan, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú (goggles): lésà tó bá ju 5 mW lọ, kì í ṣe eré. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ fi nǹkan àdúgbò kọ́ ọwọ́

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò ná yín ní nǹkan kan. Kẹ́ ẹ tó dé ìdí PECVD ẹnikẹ́ni, ẹ wá nǹkan méjì dání lọ sídìí ẹ̀rọ Raman, nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé ọ̀kan tò, èkejì rúdurùdu.

Èyí tó tò: ẹ lọ bá àwọn bọ̀dá tó ń so sólà lápá Ọláìyá, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, páńẹ́lì fífọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ dà nù yẹn, ẹ bá mi yọ ẹ̀rún kékeré kan nínú rẹ̀." Wọ́n á bi yín pé "Ẹ̀rún kẹ̀? Ẹ̀rún ò lè gbé gílóòbù o!" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Ẹ̀rún dúdú tó ń dán yẹn, sílíkọ́nì tó tò ni, á fún yín ní ṣóńṣó 520 tó mú bí abẹ́rẹ́.

Èyí tó rúdurùdu: ẹ mú kalikulétọ̀ àtijọ́ tó ní sólà lókè, ọ̀pá kékeré aláwọ̀ bíi kọfí tó pín sí mẹ́rin yẹn. Sílíkọ́nì rúdurùdu ló wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀. Ní 1976 ni Carlson àti Wronski ti RCA ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi irú sílíkọ́nì yìí ṣe sẹ́ẹ̀lì sólà, 2.4% péré ló ń mú jáde nígbà yẹn, kalikulétọ̀ ò sì bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò o, èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú lọ́jà báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ike dúdú lásán ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, sólà ẹ̀tàn. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ gbé e sí oòrùn, tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ojúlówó ni.

Tẹ́ ẹ bá ti wọn méjèèjì, tẹ́ ẹ rí ṣóńṣó lọ́wọ́ kan tẹ́ ẹ rí òkìtì lọ́wọ́ kejì, ẹ ti mọ ìpẹ̀kun méjèèjì. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ máa rí nínú PECVD á wà láàárín wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ pa iná yàrá

Mo fẹ́ dúró síbí yìí díẹ̀ torí àwọn èèyàn kì í kà á sí. Iná fluorescent gbọọrọ tó wà ní ọ̀pọ̀ láàbù wa, àti gílóòbù énájì sévà tó dà bí ìfun yẹn, mẹ́kúrì ló wà nínú wọn. Mẹ́kúrì máa ń tan ìlà aláwọ̀ ewé kan tó lágbára ní 546.1 nm. Ẹ padà wo ohun tá a kọ lókè: pẹ̀lú lésà 532 nm, sílíkọ́nì rúdurùdu wà ní 545.9 nm. Ṣé ẹ rí i? Iná òrùlé yín bọ́ sórí òkìtì yín gẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá kà á sí cm⁻¹ ó máa wà ní bíi 480 sí 485. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé sílíkọ́nì òun rúdurùdu ju bó ṣe rí lọ, á lọ dín silane kù, á wá ba nǹkan tó dáa jẹ́. Àmì tẹ́ ẹ fi máa dá a mọ̀ ni pé ìlà mẹ́kúrì tín-ín-rín, òkìtì sílíkọ́nì fẹ̀ gan-an, ó lè fẹ̀ tó 60 tàbí 70 cm⁻¹. Ẹ pa lésà kẹ́ ẹ tún wọ̀n, tí nǹkan yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, iná yàrá ni. Iná LED kò ní ìlà mẹ́kúrì yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kúkú pa gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ dúdú bo ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹ mú ẹ̀rọ bá ìwọ̀n mu

Ẹ tan lésà, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí kó gbóná kó dúró sójú kan. Ẹ gbé wáfà mímọ́ kan sábẹ́ rẹ̀ (ẹ̀rún páńẹ́lì dáa fún ìdánrawò, ṣùgbọ́n wọ́n ti po nǹkan míì mọ́ ọn, torí náà fún ìwọ̀n gidi ẹ wá wáfà lásán). Ṣóńṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí 520.5. Àwọn láàbù kan ń lo 520.7, ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ má yí i padà mọ́. Tí iná bá ṣẹ́jú, tí gẹ́n bá gbà á, ẹ tún wáfà yẹn wọ̀n kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ má gbà gbọ́ pé lésà ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Inverter tó dáa, tí kì í jẹ́ kí iná ṣẹ́jú, ló yẹ kó máa gbé ẹ̀rọ yẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Agbára lésà wá ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ojú yín wọ̀ ọ́ pé kó pọ̀ kẹ́ ẹ lè tètè rí nǹkan. Tẹ́ ẹ bá fi lẹ́ńsì kó o jọ sójú kan tí ò ju máíkírọ́nì kan lọ, mW mélòó kan ti tó láti mú ibẹ̀ gbóná, tó bá sì gbóná jù, sílíkọ́nì rúdurùdu á bẹ̀rẹ̀ sí í tò lábẹ́ lésà. Nǹkan tẹ́ ẹ wá wò lẹ fúnra yín ti yí padà yẹn. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dín agbára kù sí ìdajì, ẹ tún ojú kan náà wọ̀n. Tí ṣóńṣó ò bá sún, tí ìwọ̀n ọ̀kan sí èkejì ò bá yí, ó dáa. Tó bá sún, ẹ tún dín in kù, kẹ́ ẹ sì fẹ ojú lésà kó má kó jọ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún, ìṣirò

Ẹ gé gíráàfù yín láti 400 sí 560. Ẹ yọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò kó lè tẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà ṣóńṣó kan tí ò fẹ̀ ju ojú kan lọ tó kàn dédé yọ, tí ò sì sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ tún wọ̀n, ìtànṣán láti ojú ọ̀run ló kọlu kámẹ́rà, ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni kí wọ́n to òkè mẹ́ta jọ, ọ̀kan ní 480, ọ̀kan ní bíi 510, ọ̀kan ní 520, kí kọ̀ǹpútà mú wọn bá gíráàfù mu. Ó ṣeé ṣe nínú Excel, nínú Python ló rọrùn jù, kódà Google Colab lórí fóònù á ṣe é. Ẹ wá kó ààyè abẹ́ òkè 510 àti 520 jọ, ẹ pín in pẹ̀lú àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní abẹ́ 480 jẹ́ 400, abẹ́ 510 jẹ́ 150, abẹ́ 520 jẹ́ 450. 600 lórí 1000, ìdá tó tò jẹ́ 60%.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Sílíkọ́nì tó tò àti rúdurùdu kì í ta ìmọ́lẹ̀ padà bákan náà, torí ìyẹn àwọn míì máa ń fi 0.8 lu ti 480 kí wọ́n tó ṣe ìṣirò. Ẹ ṣe é báyìí: 600 lórí 600 pẹ̀lú 320, ó di 65%. Léyà kan náà o, 60 lọ́dọ̀ tiwa, 65 lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé léyà òun jẹ́ 65, ẹ bi í pé ìṣirò wo, lésà wo, ó sì yẹ kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tiyín náà.

Èmi ò fẹ́ràn òkè mẹ́ta yẹn tó bẹ́ẹ̀ sẹ́, kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n bó ṣe wù ú, ẹni méjì á fi gíráàfù kan náà rí nọ́ńbà méjì. Ọ̀nà kejì ló wù mí: ẹ mú gíráàfù sílíkọ́nì rúdurùdu pátápátá, èyí tí ẹ̀rọ tiyín fúnra rẹ̀ wọ̀n, ẹ gbé e ga tàbí kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí á fi bá apá òsì gíráàfù yín mu, níbi tí èyí tó tò kì í dé, kẹ́ ẹ wá yọ ọ́ kúrò. Ohun tó bá kù, ìyẹn ni èyí tó tò. Àríyànjiyàn ibẹ̀ kéré.

Ìgbésẹ̀ kẹfà, ẹ wọ inú PECVD wàyí

Ní Jülich, ní Jámánì, wọ́n ti ń tan lésà wọ inú PECVD nígbà tí sílíkọ́nì ń hù lọ́wọ́, wọ́n sì ń rí ìdá tó tò bó ṣe ń yí. Kò rọrùn, torí nǹkan mẹ́rin ló máa bá yín jà nínú àpótí yẹn tí ẹ ò ní bá pàdé lórí tábìlì.

Plasma ni àkọ́kọ́. Ó ń tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Raman lọ fíìfíì. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú lésà, ẹ pa lésà, ẹ wọ̀n ọ́n láìsí lésà, ẹ yọ èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ ní tọwọ́-tẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lówó, lésà tó ń ṣẹ́jú ló dáa jù, kí kámẹ́rà máa ṣí ojú kìkì ìgbà tí lésà bá tàn, ìwọ̀nba plasma tó máa wọlé nígbà yẹn ò ní tó nǹkan.

Fèrèsé ni èkejì. Sílíkọ́nì ò mọ̀ pé gíláàsì tiyín nìkan lẹ ní kóun hù sí, á máa hù sójú fèrèsé tí lésà ń gbà wọlé pẹ̀lú. Tó bá ti bo fèrèsé, lésà á máa wọn léyà tó wà lójú fèrèsé mọ́ tiyín, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ ti fèrèsé sẹ́yìn, sínú páìpù tóóró, kẹ́ ẹ sì máa fẹ́ háídírójìn díẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá kí silane má ráyè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n láìsí gíláàsì nínú àpótí, tẹ́ ẹ bá rí òkìtì 480, ẹ fọ fèrèsé.

Ìgbóná ni ìkẹta, òun ló sì máa ń da ẹni tuntun láàmú jù. Sílíkọ́nì tó bá gbóná, ṣóńṣó rẹ̀ á sún sísàlẹ̀, bíi 0.022 sí 0.025 cm⁻¹ fún ìwọ̀n ìgbóná kan. Láti inú yàrá dé 200°C, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 cm⁻¹. Ibi tẹ́ ẹ ti ń retí 520, bíi 516 lẹ máa rí, á sì fẹ̀ díẹ̀ sí i. Kò sí nǹkan tó ṣe é, léyà ò bà jẹ́, ẹ kàn má ti òkè 520 mọ́ ojú kan nínú Python yín, ẹ jẹ́ kó sún. Sísún tí ṣóńṣó ń sún yìí tiẹ̀ wúlò, òun lẹ máa fi mọ bí gíláàsì ṣe gbóná tó lóòótọ́, torí nọ́ńbà tó wà lójú hítà kì í ṣe ìgbóná ojú gíláàsì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, ẹ wo apá kejì lésà, lápá −520. Nínú yàrá, ṣóńṣó apá +520 máa ń ju ti ibẹ̀ lọ ní bí ìlọ́po 10 sí 12, ní 200°C ó máa ń di bí ìlọ́po 4 sí 5.

Àkókò ni ìkẹrin. Ká ní léyà yín ń hù ní 0.5 nm ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Máíkírọ́nì kan á gba sẹ́kọ́ǹdì 2000, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 33. Tẹ́ ẹ bá ń fi ìṣẹ́jú kan gba gíráàfù kan, 30 nm ti hù láàárín ìyẹn, ohun tẹ́ ẹ rí jẹ́ àdàlù gbogbo 30 nm yẹn. Tẹ́ ẹ bá lè gbà á ní sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá, 5 nm ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ ná agbára yín sí, torí 100 nm àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Sílíkọ́nì kì í dédé bẹ̀rẹ̀ sí í tò, ó sábà máa ń kọ́kọ́ hù ní rúdurùdu lórí gíláàsì, kí wóró tó yọ, kí àwọn wóró yẹn tó máa fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ga, títí wọ́n á fi gba ojú léyà lọ́wọ́ rúdurùdu. Pẹ̀lú gáàsì kan náà tẹ́ ẹ ò yí rárá, ìdá tó tò á máa lọ sókè bí léyà ṣe ń nípọn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó parí kó tó wọ̀n ọ́n, òkè rẹ̀ nìkan ló rí, 532 nm ò dé ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn sì ni oòrùn máa kọ́kọ́ kàn nínú páńẹ́lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní fèrèsé lára PECVD yín, ẹ má banújẹ́. Ẹ jẹ́ kí gíláàsì mélòó kan hù pẹ̀lú gáàsì kan náà, ẹ dá ọ̀kan dúró ní 50 nm, òmíì ní 100, òmíì ní 200, òmíì ní 400, kẹ́ ẹ wọ̀n wọ́n níta lẹ́yìn tí wọ́n tutù. Ó ń gba àkókò, àmọ́ ìtàn kan náà ló máa sọ fún yín. Tàbí kẹ́ ẹ mú léyà kan ṣoṣo tó ti parí, ẹ tan búlúù sí i láti òkè, ẹ dà á dé, ẹ tún tan án sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ ti mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ò dọ́gba.

Kí lẹ máa ṣe sí nọ́ńbà yẹn?

Fún léyà tó ń gba oòrùn mọ́ra, 50 sí 70% ni àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń lé, bí 60 ló wu ọ̀pọ̀. Tó bá tò jù, àlàfo á wà láàárín àwọn wóró, kò ní sí rúdurùdu tó máa dí i, atẹ́gùn á ráyè wọ ibẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ jáde, fóltéèjì tí sẹ́ẹ̀lì á mú jáde á sì wálẹ̀. Tó bá rúdurùdu jù, oòrùn fúnra rẹ̀ á máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ (Staebler àti Wronski ló rí ìyẹn ní 1977), kò sì ní lè mú ìmọ́lẹ̀ pupa.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ rúdurùdu pẹ́ jù, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣe òmíì, ẹ fi háídírójìn púpọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí silane kéré gan-an, kí wóró lè tètè yọ. Bí ìdá tó tò bá ti ń sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi silane kún un díẹ̀díẹ̀ kó má bàa sá kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí o. Gáàsì inú àpótí kì í yí lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yín náà sì ń wo èyí tó ti hù tẹ́lẹ̀ mọ́ èyí tó ń hù, torí náà tẹ́ ẹ bá yí gáàsì, ẹ dúró, ẹ gba gíráàfù bíi mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó bá ń yí i ní gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá mì, wàhálà lá máa lé kiri.

Tó bá parí, ẹ pa plasma, ẹ ti silane, ẹ fa gáàsì inú rẹ̀ jáde dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nínú yàrá. Ṣóńṣó tó wà ní 516 gbọ́dọ̀ ti padà sí bíi 520. Tó bá dúró sí 517, ìgbóná kọ́ nìyẹn mọ́, ó lè jẹ́ pé gíláàsì ń fa léyà gbọọrọ tàbí kí wóró rẹ̀ kéré gan-an. Ojú kan ṣoṣo ni lésà inú PECVD ń wò, ojú kékeré sì ni, nítorí náà ẹ wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gíláàsì yẹn àti àárín rẹ̀. Tí igun kan bá jẹ́ 70 tí àárín jẹ́ 45, gáàsì ò tàn kálẹ̀ dọ́gba, ihò tó ń tú gáàsì jáde lẹ máa lọ yẹ̀ wò.